Wọ́n ní kí àwa òbí wá bá wọn tún ètò abẹ́rẹ́ ọmọ ṣe: ṣé kí n padà lọ sí ìpàdé yìí?

Ìyá Elélùbọ́, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú ojúmọ́ o, gbogbo ilé. Èlùbọ́ àti gàrí ni mò ń tà ní Tákìé. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí, àbígbẹ̀yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sáré kiri ni. Ìbéèrè mi kò gùn, àlàyé rẹ̀ ló gùn. Ẹ fojú fo ibi tó bá sú yín.

Ilé ìlera alábọ́dé kan wà nítòsí wa. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí ibẹ̀ náà ni mo ṣì ń gbé ọmọ lọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìkan ni ọjọ́ abẹ́rẹ́ wọn. Nígbà tí mo bí àbígbẹ̀yìn yìí, nọ́ọ̀sì kọ ọjọ́ mẹ́ta sínú kádì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ọ̀sẹ̀ kẹfà, ọ̀sẹ̀ kẹwàá, ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá. Mo pa ọ̀sẹ̀ kẹfà jẹ, Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e ni mo gbé ọmọ lọ. Mo pa ọ̀sẹ̀ kẹwàá jẹ, ọ̀sẹ̀ kọkànlá ni mo dé ibẹ̀. Mo tún pa ìkẹrìnlá jẹ. Lẹ́ẹ̀kẹta yìí, nọ́ọ̀sì gbé kádì mi sókè lójú gbogbo àwọn ìyá tó wà lórí bẹ́ǹṣì, ó ní, "Ẹ wo ìyá ọlọ́jà. Owó ló bí, kò bímọ." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rín in, kí n má baà sunkún.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo mú ìwé àwìn mi sílẹ̀, mo ń wá orúkọ ẹni tó jẹ mí lówó. Ojú mi bá bọ́ sí àwọn ọjọ́ tí mo ra ọjà. Mo mú kádì ọmọ, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo pa jẹ, ọjà oko ni mo wà! Ọjà ọrọọrún kan ní apá Oríire ni mo ti ń ra èlùbọ́ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Bí mi ò bá débẹ̀ kí oòrùn tó ga, àwọn tó ti Ìlọrin àti Ìbàdàn wá á ti kó ojúlówó lọ, ìyókù á sì jẹ́ èyí tí kòkòrò ti jẹ. Èlùbọ́ oníkòkòrò, ta ni mo fẹ́ tà á fún ní Tákìé? Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ó ṣe jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta léra wọn. Mo rò pé orí mi ló burú ni.

Ó wá di oṣù tó kọjá. Kánsẹ́lọ̀ wa ní wọ́n fẹ́ tún ètò ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ ṣe ní wọ́ọ̀dù wa, wọ́n sì fẹ́ kí òbí wà níbẹ̀. Ó mú mi. Ọjọ́bọ̀ ni, aago mẹ́wàá òwúrọ̀. A tó bí èèyàn méjìlélógún nínú gbọ̀ngàn náà, àwa òbí jẹ́ mẹ́rin. Wákàtí méjì àbọ̀ ni wọ́n fi sọ èdè òyìnbó. Wọ́n ń tan àwòrán sí ara ògiri, iná lọ, a dúró de jẹnẹrétọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ padà láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí a jẹun, ọ̀gá tó ń darí yíjú sí wa, ó wá ń sọ Yorùbá: "Ẹ̀yin ìyá wa, ṣé ẹ ní ohun tí ẹ fẹ́ sọ?" Mo dìde. Mo ní, "Ẹ̀yin ọ̀gá, ọjọ́ abẹ́rẹ́ yìí..." Ó ní kí n lọ kọ ọ́ sílẹ̀, kí n fi ránṣẹ́. Wọ́n fún wa ní páfù, mínírà àti 2,000 náírà owó ọkọ̀, a fọwọ́ síwèé, a ya fọ́tò. Nínú fọ́tò yẹn, àwa ìyá la wà níwájú o.

Wọ́n ti tún pè mí. Ọ̀sẹ̀ méjì sí i ni ìpàdé kejì. Bàbá àwọn ọmọ ní kí n má lọ mọ́, pé fọ́tò ni wọ́n ń wá. Ìbéèrè mi nìyí: ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó sí irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, ṣé ó tó nǹkan? Tí mo bá sì lọ, báwo ni kí n ṣe gbé ọ̀rọ̀ ọjọ́ ọjà yìí kalẹ̀ tí wọn ò fi ní sọ pé owó ni mo bí?

Bàbá Mẹ́ta, Ọ̀yọ́

Ìyá wa, ọkọ yín gbọ́n. Mo ti ṣe ìgbìmọ̀ òbí ní ilé ìwé àwọn ọmọ mi rí. Wọ́n á ti pinnu tán kí wọ́n tó pè yín, orí iye tí olúkúlùkù máa san nìkan ni wọ́n máa ń béèrè ìmọ̀ràn. Ẹ dúró ti èlùbọ́ yín.

Nọ́ọ̀sì Àfẹ̀yìntì

Ẹ kú ọmọ o, Ìyá Elélùbọ́. Mo ṣe nọ́ọ̀sì fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo bá yín tọrọ àforíjì lórí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sí yín lórí bẹ́ǹṣì. A máa ń sọ irú ẹ̀, n kò ní purọ́. Tí ọmọ ọgọ́rin bá wà níta, tí ẹni méjì péré sì wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹnu a máa dà bí abẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọjọ́ abẹ́rẹ́ fi jẹ́ ọ̀kan, kí ẹ má baà lọ jà fún ohun tí wọn ò lè fún yín. Abẹ́rẹ́ apá òsì tó máa ń dá àpá sí ọmọ lára, BCG, ìgò kan rẹ̀ wà fún ogún ọmọ. Bí a bá ti po omi mọ́ ọn, wákàtí mẹ́fà ló kù fún un, ohun tó bá ṣẹ́ kù di dídànù. Abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́sàn-án náà bẹ́ẹ̀, ọmọ mẹ́wàá ni ìgò kan. Tí mo bá ṣí ìgò fún ọmọ méjì lọ́jọ́ Ajé, tí mo tún ṣí òmíràn fún ọmọ kan lọ́jọ́ Rú, kí oṣù tó tán, abẹ́rẹ́ á ti tán, àwọn ọ̀gá á sì ní kí n wá wí tẹnu mi. Ìdí tí a fi ń kó ọmọ jọ sí ọjọ́ kan nìyẹn. Ìyá kankan kò béèrè lọ́wọ́ mi rí, èmi náà kò sì sọ ọ́ rí.

Àwọn ti ọ̀sẹ̀ kẹfà, kẹwàá àti kẹrìnlá kò le tó bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn, bí òtútù wọn bá pé, tí a sì kọ ọjọ́ tí a ṣí i sára ìgò, a lè lò wọ́n dé ọjọ́ 28. Nítorí náà àyè díẹ̀ wà níbẹ̀.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ kádì yín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló gbọ́dọ̀ wà láàárín abẹ́rẹ́ kan àti èkejì, kò gbọ́dọ̀ dín. Nígbà tí ẹ dé ní ọ̀sẹ̀ keje, ó yẹ kí nọ́ọ̀sì fa ìlà lé ọ̀sẹ̀ kẹwàá, kí ó kọ ìkọkànlá síbẹ̀. Bí ẹ bá tilẹ̀ wá ní ìkẹwàá, ńṣe ni wọn ì bá dá yín padà. Ẹ kò pẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ kò pẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ pẹ́, ọ̀sẹ̀ kan sì ni.

Ìyá Elélùbọ́, Ògbómọ̀ṣọ́

Mà á, mo ka ọ̀rọ̀ yín ní ìsọ̀, mo ní láti jókòó. Ẹni tó fẹ́ ra gàrí kóńgò méjì dúró, mi ò tètè rí i. Látọjọ́ yẹn ni mo ti ń bẹ ọmọ náà tí ara rẹ̀ bá gbóná. Ẹ ṣeun, mà.

Tísà Arówómọlé

Ẹ kú ìjíròrò. Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ, orí ọ̀rọ̀ pé orí yín burú yẹn ni mo fẹ́ dúró sí.

Ọrọọrún, àwa Yorùbá a máa ka òní mọ́ ọn. Tí ẹ bá fi kàlẹ́ńdà tẹ̀lé e, ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ni ọjà yín ń padà. Ìṣẹ́gun ń padà ní ọjọ́ méje méje. Mẹ́rin lọ́nà méje, 28. Ìyẹn ni pé ọjà àti Ìṣẹ́gun á máa pàdé lẹ́ẹ̀kan ní gbogbo ọjọ́ 28. Ẹ wá wo kádì: láti ọ̀sẹ̀ kẹfà dé ìkẹwàá, ọjọ́ 28. Láti ìkẹwàá dé ìkẹrìnlá, ọjọ́ 28. Ọmọ tí àkọ́kọ́ rẹ̀ bá ti bọ́ sí ọjọ́ ọjà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa bọ́ sí i, kò sí ọ̀nà mìíràn. Nínú gbogbo Ìṣẹ́gun mẹ́rin, ọ̀kan jẹ́ ọjọ́ ọjà yín. Tí ọmọ bá ń wá bákan náà ní gbogbo ọ̀sẹ̀, ọmọ kan nínú mẹ́rin tí ìyá wọn ń ná ọjà yẹn ni irú èyí máa bá, ìyá rẹ̀ ni wọ́n sì máa bú. Orí yín kò burú rárá. Ẹni tó kọ́kọ́ ya kádì náà kì í ná ọjà ọrọọrún ni.

Bàbá Mẹ́ta, mo gbọ́ yín. Ṣùgbọ́n láti 2005 ni ìgbìmọ̀ àpapọ̀ lórí ètò ẹ̀kọ́ ti fọwọ́ sí i pé kí ilé ìwé ìjọba ní ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní SBMC, èyí tó yàtọ̀ sí ẹgbẹ́ òbí òun olùkọ́. Àwọn ìyá, oníṣẹ́ ọwọ́, aṣojú ọba tàbí baálẹ̀, kódà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìjókòó níbẹ̀. Ní ilé ìwé kan tí mo ti ṣiṣẹ́, wọ́n kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tuntun, kò sí ọmọbìnrin kan tó ń wọ̀ ọ́. A ní wọ́n kàn ya olóríkunkun ni. Ìyá tó ń ta ìrẹsì lẹ́nu géètì ló dìde nínú ìpàdé, ó ní, "Ẹ wá jókòó síbi tí mo ń jókòó sí kí ẹ wò ó." Ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà dojú kọ ṣọ́ọ̀bù àwọn mẹkáníìkì. A mọ ògiri kékeré kan síwájú rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù tí a lò kò pé ọgọ́rùn-ún.

Ìyá wa, ẹ má dá lọ. Ẹni kan tó ń sọ̀rọ̀, wọ́n á ní oníjàngbọ̀n ni. Ẹ mú ìyá méjì sí i, kí kálukú mú kádì ọmọ tirẹ̀ dání. Yorùbá ni kí ẹ sọ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹni tí kò bá gbọ́, kí ó wá ògbufọ̀.

Bàbá Mẹ́ta, Ọ̀yọ́

Ẹ̀gbọ́n Tísà, ilé ìwé tiyín dáa ni. Èmi ò rí irú ẹ̀ rí.

Nọ́ọ̀sì Àfẹ̀yìntì

Tísà, ẹ ti là mí lójú! Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí mo fi kọ ọ̀sẹ̀ kẹfà, kẹwàá, kẹrìnlá sínú kádì, èmi tí ìyá tó bí mi ta iṣu ní ọjà ọrọọrún.

Ó wá rọrùn nìyẹn. Abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹfà kò gbọ́dọ̀ ṣáájú ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ṣùgbọ́n bí ó bá bọ́ sí ìkeje, a kì í bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ọmọ náà kò pàdánù ìkankan. Ọjọ́ tí ìyá bá gbé ọmọ tuntun wá fún BCG, kí nọ́ọ̀sì bi í pé, "Ìyá, ọjọ́ wo ni ọjà yín?" Bí ọ̀sẹ̀ kẹfà bá kọ lu ọjà, kí ó kọ ìkeje, ìkọkànlá, ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló máa sún un, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á bọ́ kúrò lójú ọjà. Kò gba ìgò abẹ́rẹ́ kan sí i, kò gba òṣìṣẹ́ kan sí i. N kò sọ pé kí gbogbo èèyàn máa fi falẹ̀ o. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ lè wá ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ọ̀sẹ̀ kẹfà náà ni, torí ọmọ kékeré kò ní ààbò tó péye kí ó tó gbà á. Àmọ́ ọ̀sẹ̀ keje tí a ti jọ ṣàdéhùn sàn ju ọ̀sẹ̀ kẹfà tí ìyá kò ní yọjú.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Kì í ṣe àánú ni wọ́n ń ṣe fún yín tí wọ́n bá pè yín. Ní 1978, níbi ìpàdé àgbáyé lórí ìlera ní ìlú Alma-Ata, àwọn orílẹ̀-èdè ti fẹnu kò pé ẹ̀tọ́ àti ojúṣe ará ìlú ni láti kópa nínú bí a ṣe ń ṣètò ìlera wọn. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti ṣe mínísítà ìlera láyé Babangida, orí èyí ló gbé ilé ìlera alábọ́dé lé. Òfin ìlera 2014 sì ní kí ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé sí àpò àpapọ̀ ìjọba àpapọ̀ máa lọ sí ìtọ́jú alábọ́dé. Ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù ló yẹ kó máa bá olórí ilé ìlera jókòó lórí bí èyí tó bá dé ọ̀dọ̀ wọn ṣe máa di lílò. Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: àwọn wo ló wà nínú ìgbìmọ̀ wọ́ọ̀dù wa? Ìgbà wo ni wọ́n jókòó kẹ́yìn? Ẹ dákẹ́, kí ẹ wo ẹni tí ojú rẹ̀ máa wolẹ̀.

Ohun kan ṣá, kí ẹ tó lọ sí ìpàdé yẹn, ẹ lọ rí nọ́ọ̀sì tó bú yín. Ẹ lọ ní ọ̀sán, nígbà tí èrò bá ti túká. Ẹ má jẹ́ kí ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ níwájú àwọn ọ̀gá rẹ̀.

Ọmọ Ajílété, Amẹ́ríkà

Ẹ kú ilé o. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, Houston ni mo ń gbé. Àbúrò yín ni mí, Ìyá Elélùbọ́, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, mò ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà.

Ọmọ mi kejì lọ sí Head Start, ètò tí ìjọba ibí dá sílẹ̀ ní 1965, láyé Lyndon Johnson, fún àwọn ọmọ aláìní tí kò tíì tó ilé ìwé. Wọ́n ní ìgbìmọ̀ kan, Policy Council ni wọ́n ń pè é. Òfin ló ní kí àwọn tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ òbí tí ọmọ wọn wà nínú ètò náà lọ́wọ́lọ́wọ́. Àwọn òbí ẹlẹgbẹ́ wọn ló ń yàn wọ́n, kì í ṣe kánsẹ́lọ̀. Ọdún kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń yàn wọ́n, kò gbọdọ̀ ju ọdún márùn-ún lọ. Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kò lè gba ìjókòó òbí. Ọ̀rọ̀ ìṣúná ń gba ọwọ́ wọn kọjá. Òbí tí kò lówó, wọ́n gbọ́dọ̀ bá a gbé ìnáwó tó bá fẹ́ dí i lọ́wọ́ láti wá.

Ọdún kan ni mo ṣe níbẹ̀. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, mi ò la ẹnu, mò ń tòògbé ni, torí iṣẹ́ alẹ́ ni mo ti ń bọ̀. Ìyá kan tó wá láti Mẹ́síkò ló bi mí pé aago mélòó ló máa rọ̀ mí lọ́rùn. Kò sẹ́ni tó bi mí rí. Wọ́n sún ìpàdé sí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, wọ́n sì wá ẹnì kan tó ń bá wa ṣeré pẹ̀lú àwọn ọmọ nínú yàrá kejì. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń sọ̀rọ̀, wọn ò sì rí mi dá dúró mọ́. Ibí náà kì í ṣe ọ̀run o, oṣù mìíràn wà tí ńṣe la kàn ń nawọ́ sókè, "mo fara mọ́ ọn, mo fara mọ́ ọn," kí a tètè máa lọ sílé.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ béèrè ni aago. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ìyá wo ló wà nílé? Àwọn tó ń gba owó oṣù ni aago yẹn rọ̀ lọ́rùn.

Ìyá Elélùbọ́, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo padà dé. Ẹ máa bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ mà á Nọ́ọ̀sì.

Mo lọ ní ọ̀sán àná. Mo ra ọsàn márùn-ún dání, kí n má lọ lọ́wọ́ òfo. Nọ́ọ̀sì náà rántí mi, ojú rẹ̀ kọ́kọ́ le, ó rò pé ìjà ni mo bá wá. Mo tẹ́ kádì sórí tábìlì, mo tẹ́ ìwé àwìn mi tì í, mo ń fi ìka tọ́ka: èyí rè é, èyí rè é, èyí náà rè é. Mo sọ ọ̀rọ̀ 28 tí Tísà sọ. Mo ṣi í sọ lẹ́ẹ̀kan, mo tún un sọ.

Kò fèsì. Ó dìde, mo rò pé ó fẹ́ lé mi jáde. Ó lọ já kàlẹ́ńdà ara ògiri wá, èyí tí wọ́n ya àwòrán olóṣèlú sí, ó mú báírò pupa. Ó ní kí n ka ọjọ́ ọjà fún òun títí tí ọdún á fi parí. A kà á tán, ó ní ọjà ìyá òun ńkọ́, ti apá Ìkòyí? Mi ò mọ tìyẹn. Ó tẹ ìyá rẹ̀ láago níbẹ̀, àwọn méjèèjì ń jiyàn bóyá àná ni ọjà àbí òní. Ó lo báírò búlúù fún tìyẹn.

Kò bẹ̀ mí lórí ọ̀rọ̀ bẹ́ǹṣì. Ó ṣáà jẹ ọsàn.

Ní ti ìpàdé, mo pe ọkùnrin tó ń ṣètò rẹ̀. Mo ní kí wọ́n sún un sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ó ní wọ́n ti máa ti gbọ̀ngàn nígbà yẹn. Mo ní abẹ́ igi wà ní iwájú rẹ̀. Ó ní òun á pè mí padà, kò tíì pè. Alátà kan àti ìyá kan tó ń rán aṣọ ní Òkèèlérìn ti ní àwọn á tẹ̀lé mi, ìyá aránṣọ náà kò sì gbọ́ òyìnbó ẹyọ kan, inú mi dùn sí i. Nọ́ọ̀sì ní òun náà ń bọ̀, kàlẹ́ńdà á sì wà lọ́wọ́ òun.

Bàbá Mẹ́ta, ẹ má bínú, mò ń lọ o. Ta ló mọ ẹni tó lè bá mi jókòó ti ìsọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ náà, láti aago mẹ́sàn-án? Kí ó mọ gàrí Ìjẹ̀bú yàtọ̀ sí ti ọ̀dọ̀ wa, kí ó má sì tàwìn.